Kí Ló Dé Tí Màmá Rántí Ọdún 1955, Tí Wọn Ò Rántí Oúnjẹ Àárọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Òkè-Àdó, màmá mi jẹ ògì àti àkàrà tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì lọ jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ké sí mi: "Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní fún mi lóúnjẹ nínú ilé yìí lónìí ni?" Mo ní, "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi ebi pa wọ́n.

Láàárọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n tún mú ìtàn ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí iléèwé wá. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ọjọ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n rántí pé olùkọ́ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí wọ́n fi kan etí òsì, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó etí, wọ́n á ní kò tíì dàgbà tó, kó padà sílé. Ọwọ́ tiwọn tó o, ṣùgbọ́n ìka àárín nìkan ló kàn án. Wọ́n rántí òórùn ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n rántí ọmọbìnrin tó jókòó tì wọ́n, tó ń sunkún títí agogo fi lù, àti bí wọ́n ṣe fún un ní ẹ̀pà kó lè dákẹ́.

Ó pẹ́ tí irú nǹkan báyìí ti ń bí mi nínú. Lọ́kàn tèmi, ẹni tó rántí ẹ̀pà tó fún ẹlòmíràn jẹ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn kò lè sọ pé òun ò rántí àkàrà tí òróró rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Mo ti sọ ọ́ sí màmá mi létí rí pé wọ́n ń díbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Mo sì mọ̀ pé ilé tí irú ẹjọ́ yìí wà pọ̀ ní Ìbàdàn yìí, láti Bẹẹrẹ dé Bódìjà, tí àwọn ọmọ ń bá òbí wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ohun tí òbí ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí mo kà, tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn bíi tèmi.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ̀rọ̀ náà ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. A máa ń ní "iyè Bàbá ṣì pé" tàbí "iyè Bàbá ti rá," bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni iyè, tó jẹ́ pé bó bá wà, ó wà náà nìyẹn, bí kò bá sì sí, ó tán. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ohun tí à ń pè ní ìrántí: kí nǹkan wọlé, kí ó dúró síbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, kí ọwọ́ wa sì tó o nígbà tí a bá wá a. Ọ̀kan lè bàjẹ́ kí èkejì má bàjẹ́.

Ẹ fojú inú wo ọjà Bódìjà. Ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Òkè Ọya, ó já àpò ẹ̀wà sílẹ̀ létí títì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Alábàárù ló ń gbé e, tó ń tò ó síbi tí wọ́n bá ní kó tò ó sí. Bí alábàárù bá ṣàìsàn, ẹrù tuntun á wà níta níbẹ̀, òjò á pa á, ẹsẹ̀ èrò á tẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ tí a ò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bí oníbàárà bá dé tó béèrè ẹ̀wà èṣí, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún un lójú ẹsẹ̀. Bó bá béèrè èyí tó dé láàárọ̀ yìí, wọn ò ní rí i. Ìyẹn kò sọ ọlọ́jà di òpùrọ́.

Nínú ọpọlọ ọmọ ènìyàn, alábàárù yìí jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan tó fara sin sápá etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é ni hippocampus, nítorí pé ó ká bí ẹja inú òkun kan tí orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin. Òun ló ń kó ohun tí a rí, tí a gbọ́, tí a jẹ lónìí, tó ń so wọ́n pọ̀ di ìṣẹ̀lẹ̀ kan, tí yóò sì máa gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ibòmíràn nínú ọpọlọ tí wọ́n á máa gbé. Iṣẹ́ yẹn kì í parí lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìrántí kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi tí kò fi ní nílò alábàárù mọ́.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló fi ara rẹ̀ kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Henry Molaison lorúkọ rẹ̀. Wárápá ń dà á láàmú gan-an, nígbà tó sì di 1953, tó wà ní ẹni ọdún 27, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ William Scoville yọ èyí tó pọ̀ jù nínú hippocampus rẹ̀ lápá méjèèjì. Wárápá náà dínkù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 2008, nǹkan tuntun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, kí onítọ̀hún bọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó wọlé padà, kí Henry sì kí i bí àlejò tí kò rí rí. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé. Síbẹ̀, Henry rántí ìgbà ọmọdé rẹ̀. Ó mọ òbí rẹ̀, ó mọ ibi tó gbé dàgbà. Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ẹrù àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Alábàárù ni wọ́n gbé lọ.

Kó tó tó àkókò Henry, ní 1881, Théodule Ribot tó jẹ́ ará Faransé ti kíyè sí i lára àwọn aláìsàn pé bí ìrántí bá ń bàjẹ́, ohun tó kẹ́yìn wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde, ti àtijọ́ ló ń pẹ́ jù. Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu pé ìyá tó rántí 1955 kò rántí àárọ̀ yìí. Bó ṣe ń rí gan-an nìyẹn.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè lára ẹni tí ara rẹ̀ le, alábàárù yìí kì í ṣàìsàn, ó kàn ń rọra rìn ni. Ó lè gbé ẹrù mẹ́ta níbi tó ti máa ń gbé márùn-ún. Èmi náà ti lé ní 40, mo sì ń rí i lára mi. Orúkọ ènìyàn á wà lórí ahọ́n mi, n ò ní lè pè é, á di alẹ́ nígbà tí mo bá ń fọ abọ́ kó tó yọ sí mi lọ́kàn. Ẹrù yẹn kò sọnù, ọwọ́ mi ni kò tètè tó o. Bí mo bá gbé gíláàsì mi síbì kan nígbà tí ọkàn mi wà lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kò sí alábàárù tó lè gbé ohun tí n ò fún un gbé. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ìgbàgbé, àìfiyèsí ni.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tíì sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà èwe ló ń tàn jù. Bí ó bá jẹ́ pé àtijọ́ ló ń pẹ́, ṣé kò yẹ kí gbogbo àtijọ́ dọ́gba ni? Wọn ò dọ́gba. Ní 1986, David Rubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà kó àbájáde onírúurú ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé bí a bá ní kí àwọn tó ti dàgbà sọ ohun tí wọ́n rántí láyé wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 10 sí 30 wọn ló máa ń pọ̀ jù, yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ọdún yẹn yọ gegele bí Òkè Mápó láàárín ìlú.

Mo fi màmá mi dán an wò. Ọdún 1949 ni wọ́n bí wọn, nítorí náà òkè tiwọn á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1959 dé 1979. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn bí a bá ní kí wọ́n sọ ìtàn. Tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní òpin oṣù kẹwàá 1959, àti bí àwọn ọmọ ṣe ń yọjú lójú fèrèsé olówó kan láti wò ó. Òmìnira ní 1960. Ilé Kòkó tó ń ga sí i lójoojúmọ́ ní Dùgbẹ̀ títí ó fi parí ní 1965, tí wọ́n ń ka àjà rẹ̀ títí dé 26. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, tí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, tí ẹ̀rù ń ba àwọn ìyá láti sọdá. Oṣù kìíní 1973 tí pọ́n-ùn àti ṣílè di náírà àti kọ́bọ̀. Ọdún 1976 tí Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, tí ìlú kò sùn. Láti 1990 dé 2010 ńkọ́? Ogún ọdún náà ni, wọ́n sì kọ́lé láàárín rẹ̀, wọ́n fi ọmọ méjì fọ́kọ, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kì í ju ìdajì wákàtí lọ.

Àwọn onímọ̀ ti wá ìdí rẹ̀, kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Ọpọlọ ọ̀dọ́ yá ju ti ọjọ́ orí yòówù lọ láti gba nǹkan wọlé. Ìgbà yẹn náà ni nǹkan ń jẹ́ àkọ́kọ́: àkọ́ṣe iṣẹ́, àkọ́rí owó oṣù, àkọ́fẹ́ ẹni, àkọ́bí. Ohun tí a ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún kì í ní ojú tirẹ̀ mọ́. Ta ni ó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀? Ìgbà yẹn sì ni ènìyàn ń mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ẹni bá fẹ́ sọ fún àlejò irú ẹni tí òun jẹ́, ibẹ̀ ló máa lọ bu ọ̀rọ̀. Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, tí a kì í sábà kà sí, ni pé a ti sọ àwọn ìtàn yẹn lásọtúnsọ. Gbogbo ìgbà tí màmá mi bá sọ ti ọwọ́ tó kan etí, wọ́n tún ń gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ àárọ̀ kò rí ẹni sọ ìtàn rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rù tàbí ayọ̀ ńlá bá kọ sí ọkàn náà máa ń wà, ìgbà yòówù kó jẹ́. Màmá mi ti lé ní 30 nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tó kó ènìyàn àti ilé lọ. Wọ́n lè sọ ọ́ ní wákàtí sí wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Omi tún ya Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ 2011, èmi àti Màmá sì jọ wà nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ń sọ ti Ògùnpa nísinsìnyí, wọ́n máa ń fi mí sí i: "Ìwọ lo di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún mi." Ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́ ní 1980. Ọdún 2011 ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Omi méjèèjì ti ya pọ̀ mọ́ra wọn.

Èyí ló yẹ kí ó kọ́ wa pé ìtàn tó dán kì í ṣe ìtàn tó péye dandan. Gbogbo ìgbà tí a bá mú ìrántí jáde, a lè fi nǹkan kún un tàbí kí a yọ nǹkan kúrò, kí á tó dá a padà. Kì í ṣe irọ́. Ọkàn gbogbo wa ló ń ṣe é, ọ̀dọ́ pẹ̀lú àgbà. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jiyàn lórí ohun tí Bàbá sọ nípa ilẹ̀, tí ọ̀kan ní "Bàbá rántí dáadáa, wọ́n mẹ́nu kan ọdún," kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ wá ìwé ilẹ̀.

Irú ìrántí kan tún wà tí kò gba ọ̀dọ̀ alábàárù rárá. Ọwọ́ ló ń gbé e. Henry tí mo sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ní kó máa wo inú dígí kó fi ya ìràwọ̀. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń dára sí i, lójoojúmọ́ ló sì ń sọ pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Màmá mi kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi gbé aṣọ funfun àti ìyẹ́ wá síwájú wọn. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ọmọ ta ni. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ìyẹ́, wọ́n sì ya Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú àwọn ṣíbí tó wà láàárín wọn, láìgbé ojú sókè, láìṣì í. Orin àti oríkì náà ń rí báyìí. Àgbà tí kò lè sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lè ki oríkì ìdílé látòkè délẹ̀.

A ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń pa àgbà lẹ́nu mọ́: "wọ́n ń ṣarán." Bí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìgbà èwe, ẹnì kan á ti rẹ́rìn-ín, á ní ó ti bẹ̀rẹ̀. N kì í fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ní 1963, dókítà kan l'Amẹ́ríkà, Robert Butler, kọ̀wé pé kí àgbà máa padà sí ìgbà tó ti kọjá kì í ṣe àmì pé ọpọlọ ń bàjẹ́, iṣẹ́ ni: ó ń yẹ ayé rẹ̀ wò, ó ń parí ìjà tó kù, ó ń mọ ohun tó ti ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà ti ń fi ìtàn, àwòrán àti orin àtijọ́ ṣe ìtọ́jú wọn. Sísọ ìtàn èwe kì í ṣe àìsàn. Ẹ má sì fi ṣe ẹ̀rí pé àìsàn ò sí. Ibí yìí gan-an ni èmi ti ṣìṣe. Ìtàn 1955 tó ń dùn létí mi ló jẹ́ kí n rò pé kò sí ohun tó ń ṣe Màmá.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, kí n tó mọ̀ pé Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó lórúkọ lórí àìsàn ìgbàgbé. Láti 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà. Wọ́n yẹ àwọn àgbàlagbà tó ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò ní Ìdíkàn, wọ́n sì yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà wò ní ìlú Indianapolis.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó dojú kọ wọn ni pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ti pé 65? Ìtàn ni wọ́n lò. Àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ti tò jọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń wá ọjọ́ orí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ ọ́: ẹni tó ní ọdún ogun Àdùbí ni wọ́n bí òun, 1918 nìyẹn, ẹni tó ní òun ti ń kiri ọjà nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, ẹ lè ṣírò tirẹ̀. Ìrántí ìgbà èwe ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ ìrántí wọn wò. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá ronú sí i ni ó ń wú mi lórí.

Ìṣòro kejì ni pé ẹni tí kò lọ sí iléèwé kò ṣeé fi ìdánwò ìwé dán wò. Nítorí náà wọ́n bá àgbà náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún bá ẹni tó ń bá a gbé sọ̀rọ̀: ṣé ó ṣì ń ṣe ohun tó máa ń ṣe? Ìdáhùn ará ilé wúwo nínú ìdájọ́ wọn.

Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001, ó ya ayé lẹ́nu. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí iyè wọn ṣì pé, àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, tí a fi orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1906 pè, jẹ́ 1.15 níbí, 2.52 lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, àìsàn òyìnbó ni." Rárá o. 1.35 kì í ṣe òfo. Lọ́dọọdún ni, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni iye náà ń pọ̀. Àwọn tí ó mú wà ní àárín wa, nínú agboolé, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn burú. Àìsàn Alzheimer sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyíká alábàárù yẹn gan-an, kó tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ìyá lè dìde lóru kó ní òun ń lọ sọ́jà tí wọ́n ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lè máa bá ẹni tó ti kú sọ̀rọ̀. Ó lè pe ọmọ rẹ̀ ní olè nítorí kò rántí ibi tó fi owó sí. Wọ́n á bá a lẹ́nu ọ̀nà olónílé lóru, kò ní lè sọ ohun tó wá ṣe, àwọn kan á sì pariwo àjẹ́. Wọ́n ti lu irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn kò fò wá láti ibì kankan. Ó ń wá ilé tó gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí ilé yẹn nìkan ló ṣì rántí.

Kí ló wá yẹ kó lé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà? Bí àgbà bá gbàgbé orúkọ tó sì padà rántí rẹ̀, ọjọ́ orí ni. Bó bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan, tí kò mọ̀ pé òun ti béèrè rí, ó yàtọ̀. Bó bá ṣi kọ́kọ́rọ́ gbé, kò burú. Bó bá di kọ́kọ́rọ́ mú tí kò mọ ohun tí à ń fi í ṣe, ẹ dìde. Ẹni tó ti ń se àmàlà láti 60 ọdún tó wá ń da ọ̀nà rẹ̀ rú, ẹni tó sọnù láàárín Agbeni tó gbé dàgbà, ẹni tí kò lè ka ṣéńjì mọ́. Bí ọkàn bá sì dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, nítorí ibà, àrùn inú ìtọ̀, àìtó omi lára tàbí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò ní àtúnṣe, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Àìtó fítámì B12 ń fa ìgbàgbé. Àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní thyroid ń fà á. Ọ̀fọ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń fà á, pàápàá lọ́dọ̀ opó. Etí tó di ń fà á, nítorí ohun tí ènìyàn kò gbọ́ kò lè rántí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí a ò tọ́jú ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín inú ọpọlọ jẹ́. Ní Ìbàdàn yìí, ilé ìwòsàn UCH ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àgbàlagbà nìkan, tí wọ́n ṣí ní 2012.

Kí a tó lọ rí dókítà, mo ra ìwé onílà kan. Mo kọ ìtàn àtijọ́ tí Màmá ń sọ sí ojú ìwé apá òsì: ẹ̀pà, ṣọ́ọ̀kì, WNTV, ọkọ̀ tó yí ọ̀nà. Ní apá ọ̀tún mo kọ ohun tí wọ́n gbàgbé, ọjọ́ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Ó pé oṣù kan. Dókítà ka apá ọ̀tún, ó sì dúró lórí oògùn kan. Oògùn ara yíyún ni, irú èyí tó máa ń kun ènìyàn lóorun. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ló ní kí Màmá máa lò ó lálálẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn, ó sì ti lé lọ́dún kan. Dókítà ní oògùn yẹn ń da ìrántí àgbàlagbà rú, kí a fi sílẹ̀. Ó tún wo etí wọn, ó fọ epo etí tó ti gan jáde nínú méjèèjì. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Wọ́n sàn díẹ̀. Wọn kì í sábà béèrè oúnjẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń béèrè ọmọ ta ni ọmọ àbúrò mi, apá ọ̀tún ìwé náà sì ń kún lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá òsì rí nǹkan tuntun gbà. Mo bi wọ́n, fún ìgbà àkọ́kọ́, orúkọ ọmọbìnrin tó ń sunkún níléèwé ní 1955. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní Àṣàkẹ́ ni, pé ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn Òjé, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó etí.